Ẹ̀rọ Mẹ́ta ní Ìlú Mẹ́ta

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àílà.

Bàsírátù ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà rẹ, nítorí mo rí ọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì mọ̀ pé ara rẹ le. Ohun tí kò le ni mo fẹ́ sọ. Jẹ́ kí n to gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí n sì sọ ẹni tó mọ̀, kí a má baà lo ìwé yìí fún àríyànjiyàn.

Ìkíní: oṣù méje ni o ti wà ní Ọ̀kà, tí o ní ò ń kọ́ iṣẹ́ díjéè lọ́wọ́ Ọ̀gá Fẹ́mi. Títí di òní, o kò lè mú orin kan wọ inú òmíràn kí ó má já. Ọ̀gá Fẹ́mi ti mọ̀ láti oṣù kejì.

Ìkejì: kọntirólà tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì jọ rà, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tó ní àwo méjì tí díjéè ń fi ọwọ́ yí, wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Mùtíù àbúrò rẹ mọ̀. Ó sùn sí yàrá rẹ nígbà tó wá ṣe ìdánwò ní Ọ̀kà, ó fẹsẹ̀ kọ páálí náà, ó sì dákẹ́.

Ìkẹta: láptọ́ọ̀pù tó yẹ kí o so mọ́ kọntirólà yẹn wà ní Ògbàgì lọ́wọ́ Tóyìn ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń fi í bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ ìwé ní Ògbàgì ló mọ̀.

Ìkẹrin: sípíkà méjèèjì wà ní Ìṣùà lọ́wọ́ Dáre, ẹnì kẹta yín. Èyí, gbogbo ìlú Ìṣùà ló mọ̀, mo ṣì ń bọ̀ wá sọ bí wọ́n ṣe mọ̀.

Ìkarùn-ún: Ọ̀gá Fẹ́mi ti sọ fún ọ pé bí oṣù yìí bá parí tí o kò lè ṣeré fún ogún ìṣẹ́jú láìjá, òun á fi àyè rẹ fún ẹlòmíràn. Bàbá rẹ ti mọ èyí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó ní òun fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́. Ó ń dúró dè ọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n dúró.

Èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn. L'Ọ́jọ́bọ̀, mo kó kánópì àti àga tí wọ́n háyà lọ́wọ́ mi lọ sí Ìṣùà fún ìpàdé àwọn àgbẹ̀. Bí a ti ń já ẹrù, mo ń gbọ́ ohùn kan tó ń polówó ṣájà àti káàdì fóònù láti òdìkejì títì. Á fi èdè Ìṣùà sọ ọ́, á tún fi Yorùbá sọ ọ́. Mo wò, mo rí sípíkà dúdú méjì lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìwé pupa tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ tí ẹ pè wá wá ṣe àdúrà sí ẹrù tuntun ṣì wà níbẹ̀. Dáre rí mi, ó pa ohùn náà, ó sáré wá dọ̀bálẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú,” ó ní. “A ò kàn fẹ́ kí wọ́n jókòó lásán ni.”

Mo bi í pé ìgbà wo ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kó ẹ̀rọ yín pọ̀ sí ojú kan gbẹ̀yìn. Ó ní ó dà bí ẹni pé ọjọ́ àdúrà yẹn ni.

Ìdí nìyẹn tí o fi rí mi ní Ọ̀kà lọ́jọ́ kejì. O kò mọ̀ pé mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Fẹ́mi. Ó fún mi ní àga, ó sì sọ òótọ́ fún mi láì dọ́gbọ́n sí i. Ó ní: “Màmá, ọmọ yín ní etí. Nínú gbogbo àwọn tí mo ń kọ́, kò sí ẹni tó ń gbọ́ bí orin ṣe ń rìn bíi tirẹ̀. Ọwọ́ ni kò ní. Sátidé nìkan ni mo ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi, Sátidé nìkan ò sì lè fún un lọ́wọ́.” Ó ní òun ti sọ fún ọ títí, pé kí o máa fi ọwọ́ kọ́ ọ nílé lójoojúmọ́, o sì ń dá òun lóhùn pé ẹ fẹ́ pàdé.

Mo wá sí yàrá rẹ. Mo ní kí o gbé kọntirólà náà jáde. O gbé e jáde, o kò sì já ọ̀rá ara rẹ̀. Mo ní kí o já a. O ní àdéhùn yín ò gbà á. O ṣí dúrọ́ọ̀, o mú ìwé àdéhùn yín jáde, o fi lé mi lọ́wọ́. Mo kà á dé ìlà kẹrin: “Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ kankan láìjẹ́ pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀.” Bàsírátù, mo mọ ìlà yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ kí n tó mọ bàbá rẹ, kí n tó bí ẹnikẹ́ni nínú yín. O wò mí, o ní:

“Màámi, ẹ̀yin lẹ ṣáà sọ fún wa pé òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ.”

Mi ò jẹ iyán tí o gún, mo gbé báàgì mi, mo jáde. O rò pé inú ló ń bí mi. Kì í ṣe ìbínú. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún ọ lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá sì kọ ọ́.

Ìgbàkígbà tí a bá ń fọ àga lẹ́yìn òde, mo máa ń sọ ìtàn yẹn fún ìwọ àti Mùtíù, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Bí èmi, Fọlákẹ́ ará Ọ̀kà àti Rábì ará Ìkáràm ṣe dá owó jọ tí a ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù lóde. Bí mo ṣe wà ní pólì tí mò ń kọ́ ìmọ̀ ìṣòwò, tí mo fi ohun tí mo kọ́ ṣe ìwé àdéhùn onílà mẹ́fà, tí mo tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ̀rọ méjì tí àwo ń yí lórí wọn wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́. Ámúpù, tó ń fún ohùn lágbára, wà lọ́dọ̀ Fọlákẹ́ ní Ọ̀kà. Àpótí ohùn méjèèjì wà lọ́dọ̀ Rábì ní Ìkáràm. Ẹnì kan ò lè gba òde lẹ́yìn ẹnì kejì, nítorí tọwọ́ rẹ̀ nìkan ò lè ké. Màá wá gbọn omi ọwọ́ mi dànù, màá ní, “Ẹ ò rí i? Ẹnì kankan ò rẹ́ ẹnì kankan jẹ.” Ẹ̀yin náà á pàtẹ́wọ́ fún ìyá yín.

Òótọ́ ni mo sọ. Ohun tí n kò sọ ni pé ẹnì kankan ò ṣeré pẹ̀lú.

Odidi ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré la kó ẹ̀rọ yẹn pọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, òjò lé wa. Nígbà kejì, mọ́tò tó gbé Rábì láti Ìkáràm ní òun ò lè gbà ju àpótí kan lọ. Nígbà kẹta, abẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí àwo ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a ò sì ní òmíràn. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa ti sọ pé abẹ́rẹ́ kò wọ́n, pé ibi gbogbo la ti lè rí i. Mo wá a káàkiri Àkókó, n kò rí i, ó wá ku ẹyọ kan tó wà lára ẹ̀rọ kejì. Ìgbà kẹrin ni òde tí a gbà, ìdágbére fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Ìkàrẹ́. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tó parí, èkejì ò wọlé. Mò ń wá ojú ibi tí màá gbé abẹ́rẹ́ lé, gbogbo àwọn tó ń jó sì dúró lójú agbo pẹ̀lú apá lókè. Ó pẹ́ kí ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ tó béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí a jókòó ni àbí kí a ṣì máa dúró?” Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín títí a fi palẹ̀ mọ́.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Fọlákẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe èmi. Bí orin bá ń lọ, ọmọ yẹn á máa fi ìka ka ẹsẹ̀ orin náà lábẹ́ tábìlì, á sì sọ fún ọ ibi tí òmíràn ti yẹ kó wọlé. Àdéhùn tí mo kọ ló gbé ámúpù fún un. Ámúpù nìkan, ohun tí kò lè ké, tí kò lè yí, tí ènìyàn kò lè fi kọ́ ohunkóhun. Ọdún kan ló fi ń nu eruku rẹ̀. Lẹ́yìn náà Rábì lọ sílé ọkọ, àpótí ohùn bá a lọ. Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dá mi lóhùn pé òun ń bọ̀. A dúró dè é. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè fara da kí ènìyàn sọ fún mi pé òun ń bọ̀.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ ni mo lọ. O mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ lo ti ń ra mílíìkì. O kò mọ̀ pé òun ni Fọlákẹ́ inú ìtàn, mi ò sì sọ fún ọ rí, ojú ń tì mí. Rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí káńtà. Mo ti ń bá a pàdé lóde ìnáwó láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, a máa ń kí ara wa, a kì í mẹ́nu kan ẹ̀rọ yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì mo mẹ́nu kàn án. Mo ní, “Fọlákẹ́, ṣé o ṣì máa ń rántí?” Ó ń bá oníbàárà di ṣúgà, kò gbójú sókè. Ó ní:

“Bí orin kan bá fẹ́ parí nínú rédíò, mo ṣì máa ń kà á. Wọn kì í sábà wọlé síbi tó yẹ.”

Ó fún oníbàárà ní ṣéńjì rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí tí ọkọ̀ Ìkàrẹ́ fi kún, omijé ń bọ́ lójú mi bí ọmọdé. Ọ̀gá Fẹ́mi ní o ní etí. O kò ní ọwọ́. Ohun tí mo fi Fọlákẹ́ ṣe ni mo tún ti fi ìwọ ṣe, kì í sì í ṣe pé mo fìyà jẹ ọ́, mo kàn fi ìtàn dá ọ lára yá ni.

Ó dára. Ẹkún ò lè to ẹrù. Ohun tí mo mọ̀ nípa ríra ẹ̀rọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nìyí. Àṣìṣe ni mo fi kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo sì tún bi Ọ̀gá Fẹ́mi léèrè, mo kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé sójú kan, nínú yàrá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, lórí tábìlì, pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lára rẹ̀. Bí o bá ní láti wọ mọ́tò kí o tó lè fi ọwọ́ kàn án, o kò ní ẹ̀rọ. Bí o bá ní láti fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, o ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in. Kí o jí, kí o rí i, kí o tàn án. Bí ẹ̀yin mẹ́ta bá jọ ni ín, ẹ pín àkókò. Ẹ má pín ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kejì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó yẹ kí n kọ sínú àdéhùn nígbà náà nìyẹn. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ mi ní pólì kún fún bí ènìyàn ṣe ń dáàbò bo ohun ìní. Kò sí ojú ewé kankan níbẹ̀ tó sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Èkejì, sípíkà. Gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe díjéè ní Àkókó, sípíkà ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, nítorí òun ni ará ìlú ń rí. Bí ẹ̀yin náà ṣe ṣe nìyẹn. Nígbà tí ẹ pè wá wá ṣe àdúrà, lórí sípíkà ni wọ́n da omi àdúrà sí, òun ni gbogbo èèyàn ń fọwọ́ gbá. Kọntirólà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àwo oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ò nílò sípíkà. Hẹ́dífóònù ló nílò, èyí tó bo etí dáadáa, tí igbá rẹ̀ ṣeé yí sẹ́yìn kí etí kan lè máa gbọ́ ìta. Nínú rẹ̀ ni wàá ti gbọ́ orin tó ń bọ̀ kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Ẹ ra sípíkà méjì, ẹ ò ra hẹ́dífóònù ẹyọ kan. Nígbà tí mo sọ èyí fún Ọ̀gá Fẹ́mi, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Lẹ́yìn ìyẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ láti ra èyí tó tóbi. Èyí tí ẹ ní yìí tó. Ọ̀nà méjì fún orin méjì, ibi tí a ti ń ki hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́, àti ibi gígùn tí ìka ti ń mú orin yára tàbí rọra. Mo wò ó lára páálí, gbogbo rẹ̀ pé. Mo mọ̀ pé Dáre ti ń sọ pé kí ẹ tà á, kí ẹ ra ọlọ́nà mẹ́rin tó ń tàn yanranyanran. Kí ni ẹni tí kò tíì so méjì pọ̀ fẹ́ fi mẹ́rin ṣe? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kánópì, mo ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, n kò ní ẹni tó mọ okùn so. Ìjì kan ṣoṣo láti orí òkè ló kó mẹ́ta lọ.

Iná ńkọ́? Mo bi Ọ̀gá Fẹ́mi, ó ní irú kọntirólà yín yìí, ara láptọ́ọ̀pù ló ti ń fa iná. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá kún, o lè ṣeré wákàtí méjì láìsí iná ìjọba. Nítorí náà n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. N kò sì fẹ́ gbọ́ pé kò sí iná. Bí iná bá dé ní ìdájí, kí ó bá láptọ́ọ̀pù lára wáyà. Bí iná kò bá wá rárá, gba ṣọ́ọ̀bù Fọlákẹ́ lọ. Ó ní sólà. Mo ti bi í, ó ní kí o máa gbé e wá.

Orin. O ní fíláṣì tí orin inú rẹ̀ pọ̀ débi pé o kò mọ iye wọn. Tìrẹ kọ́ nìyẹn. Yan ogún. Ogún péré, tí ìwọ fúnra rẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń gbéra, ibi tí wọ́n ti ń rọlẹ̀, ibi tí ohùn olórin ti ń dákẹ́. Tẹ́tí sí wọn títí wàá fi lè kà wọ́n lórí ìka. Ìgbà tí o bá mọ ogún, wàá rí i pé àwọn yòókù ń ṣe bákan náà. Rántí ìyá olùkọ́ yẹn. Kò béèrè irú orin tí a ní. Ó béèrè bóyá kí òun jókòó.

Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí o fẹ́ ra nǹkan àlòkù, mú hẹ́dífóònù tìrẹ dání lọ. Yí gbogbo ohun tó ń yí. Tẹ gbogbo ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Má rà á lórí fọ́tò inú fóònù. Èyí tí wọ́n bá ní kò wọ́n, pé ibi gbogbo la ti ń rí i, béèrè òmíràn lọ́wọ́ ẹni náà kí o tó sanwó. Abẹ́rẹ́ ló kọ́ mi.

Ó ku ọ̀kan, òun ló le jù. Má tún pe ẹnikẹ́ni wá ṣe àdúrà sí ohun tí o kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn níbí. Ẹni tó ra mọ́tò á pe èèyàn, ẹni tó ra ẹ̀rọ ọlọ á pe èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra mọ́tò ń wà á lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin, lọ́jọ́ tí ẹ pe èèyàn, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Díjéè. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Ìyá Díjéè, ìgbà wo la máa jó?” Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Láti Ọjọ́bọ̀, mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé.

Àdùkẹ́ mi, n kò ní parọ́ fún ọ. Ìrètí mi ti kéré gan-an. O ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. O fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí èyí, èmi ni mo sì bá ọ dúró níwájú bàbá rẹ tí mo sọ pé kí ó jẹ́ kí o lọ. Mo mọ ojú tí o fi wò mí lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ẹni tó ń dúró de àwọn méjì kan ni, ojú tèmi nìyẹn nígbà tí Rábì ń bọ̀. Mo ti rí ibi tí ojú yẹn ń parí sí, ó wà ní Ọ̀kà níbẹ̀, ó ń di ṣúgà. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mo ti pẹ́ jù, pé ohun tí ènìyàn bá fi ọdún púpọ̀ pàtẹ́wọ́ fún kò ṣeé fi lẹ́tà kan fà tu. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù kí oṣù tó parí. Ẹni tó ní etí, Ọ̀gá Fẹ́mi ní ọ̀sẹ̀ méjì tó o, bí ó bá ń ṣe é lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Mo ti bá Tóyìn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò bá mi jiyàn. Mo ti ní kí ó wá máa lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi ní Ìkàrẹ́ fún ìwé tó ń tẹ̀, títí oṣù á fi parí. Ó ní láptọ́ọ̀pù wà nílẹ̀, kí o wá gbé e. Ìwọ ni kí o lọ, kì í ṣe Mùtíù. Jẹ́ kí sípíkà máa polówó ṣájà ní Ìṣùà, o kò nílò wọn. Hẹ́dífóònù wà nínú báàgì tí mo fi lẹ́tà yìí sí. Mo yí igbá rẹ̀ sẹ́yìn, mo yí i síwájú, kí n tó sanwó.

Ìwé àdéhùn mi náà wà níbẹ̀, ẹ̀dà tèmi, tí mo fi pamọ́ láti ìgbà náà. Wàá rí i pé mo ti fa ìlà pupa kọjá lórí gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Fa tìrẹ náà.

Já ọ̀rá yẹn lónìí tí lẹ́tà yìí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lọ sí Ògbàgì lọ́la. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí aago méjì ọ̀sán tó lù, pè mí. Má kí mi. Má bẹ̀ mí, má ṣàlàyé ohunkóhun. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí o jẹ́ kí n gbọ́ bí orin kan ṣe ń wọ inú èkejì. Ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ ni màá jókòó sí lọ́jọ́ náà, a ó jọ máa gbọ́ ọ, òun á máa kà á.

Bí aago méjì bá lù tí fóònù mi ò dún, màá rìn wá sí yàrá rẹ láti ibẹ̀, màá gbé páálí náà jáde, màá gbé e fún Ọ̀gá Fẹ́mi fún ẹni tí yóò gba àyè rẹ. N kò ní dúró di Àìkú.

Èmi ni ìyá rẹ.